Kọ̀ǹpútà kan, ènìyàn mẹ́ta: bí ìdíje kóòdù ICPC ṣe ń lọ àti bí ikọ̀ ṣe ń múra sílẹ̀ fún un

Ẹni tí kò mọ ìdí abájọ, tí ó bá wọ gbọ̀ngàn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń ṣe ìdíje kóòdù, ohun tí yóò kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń díje kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rárá. Ènìyàn mẹ́ta ni ó jókòó sídìí tábìlì kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni ó wà níwájú wọn, ẹnì kan ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, èkejì ń fi bírò ya àwòrán sórí bébà, ẹ̀kẹta sì dijú bí ẹni tí oorun ń kùn. Bàlúùnù aláwọ̀ oríṣiríṣi ń mì lókè tábìlì àwọn kan, òkè tábìlì àwọn mìíràn sì ṣófo. Wákàtí márùn-ún gbáko ni wọn yóò fi wà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí àwọn òbí àti ọ̀rẹ́ tí ó wá wòran sábà máa ń béèrè ni pé, bí ó bá jẹ́ pé ìdíje kọ̀ǹpútà ni èyí, kí ló dé tí wọn kò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní kọ̀ǹpútà tirẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ó bá sì lóye ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ ti lóye ohun tí ó ju ìdajì lọ nínú ohun tí ó ń mú ikọ̀ borí.

Ìdíje tí mo ń sọ ni International Collegiate Programming Contest, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní ICPC. Yunifásítì Texas A&M ní Amẹ́ríkà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970, ọdún 1977 sì ni wọ́n ṣe àṣekágbá rẹ̀ àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti tàn ká gbogbo àgbáyé: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a kọ́kọ́ díje ní yunifásítì tàbí orílẹ̀-èdè wọn, àwọn tí ó bá peregedé a lọ sí ìdíje ẹkùn, àwọn díẹ̀ tí ó bá tún yege níbẹ̀ a sì lọ sí àṣekágbá àgbáyé. Ẹkùn Áfíríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá ni àwọn yunifásítì Nàìjíríà wà, èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ Íjíbítì, Mòrókò àti Síríà wà lára àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ bá fà á, àwọn wọ̀nyí kì í sì í ṣe ẹni tí a ń fojú kékeré wò. Àṣekágbá náà ti wá sí ilẹ̀ Áfíríkà rí: ìlú Marrakesh ní Mòrókò ni wọ́n ti ṣe é ní ọdún 2015, ìlú Luxor ní Íjíbítì sì gba àlejò àṣekágbá méjì lẹ́ẹ̀kan náà ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti dé àṣekágbá àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì kò lè díje mọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ tuntun fi ń yọ jú lọ́dọọdún.

Ní àṣekágbá, ìbéèrè bíi mẹ́wàá sí mẹ́tàlá ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fi lẹ́tà A, B, C àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sàmì sí wọn. Ìtàn kékeré ni ìbéèrè kọ̀ọ̀kan máa ń jẹ́: ọkọ̀ ojú omi kan fẹ́ gba àárín erékùṣù púpọ̀ kọjá, tàbí alásè kan fẹ́ mọ bí òun yóò ṣe pín oúnjẹ. Inú ìtàn yìí ni ìṣirò pamọ́ sí. Iṣẹ́ ikọ̀ ni láti kọ ètò kọ̀ǹpútà, ìyẹn kóòdù, tí yóò gba àwọn nọ́ńbà tí a bá fún un, tí yóò sì mú ìdáhùn jáde. Nígbà tí wọ́n bá fi kóòdù náà ránṣẹ́, kọ̀ǹpútà adájọ́ yóò fi àwọn ìdánwò tí ẹnikẹ́ni nínú àwọn olùdíje kò rí dán an wò. Bí ó bá yege nínú gbogbo wọn láìku ẹyọ kan, a gbà á wọlé, a ó sì so bàlúùnù kan mọ́ tábìlì ikọ̀ náà. Bí ó bá kùnà nínú ẹyọ kan ṣoṣo, a dá a padà. Kò dà bí ìdánwò WAEC tí wọ́n ti lè fún ènìyàn ní máàkì díẹ̀ nítorí bí ó ṣe ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ìdáhùn rẹ̀ kò tilẹ̀ bọ́ sí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ tún ti ń dun àwọn ọmọ ni pé adájọ́ kì í sọ ibi tí àṣìṣe wà. Gbólóhùn kúkúrú kan ni wọn yóò rí: ìdáhùn kò tọ̀nà, tàbí àkókò ti kọjá, tàbí ètò náà dákú lẹ́nu iṣẹ́. Ó tán síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé àkókò kọjá yìí ni ó ń dàrú mọ́ àwọn tí kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà lójú jù, nítorí pé èrò ọ̀pọ̀ ni pé kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà kò lè yára ṣe. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní wọ́n kọ iye owó ọjà 100,000 sílẹ̀, wọ́n sì béèrè bóyá a lè rí méjì nínú wọn tí àpapọ̀ owó wọn jẹ́ ₦5,000 géérégé. Ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ sí ènìyàn lọ́kàn ni kí ó mú ọjà kọ̀ọ̀kan, kí ó fi pọ̀ mọ́ gbogbo ìyókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn tí yóò rí yóò tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìgbìyànjú tí yóò ṣe yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù márùn-ún. Òdiwọ̀n tí àwọn olùdíje máa ń lò ni pé kọ̀ǹpútà lè ṣe ìṣirò kéékèèké bíi mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yìí yóò gba nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá, bẹ́ẹ̀ sì ni méjì péré ni ìbéèrè náà lè fàyè gbà.

Ọ̀nà mìíràn wà. Bí a bá to iye owó wọ̀nyí láti orí èyí tí ó kéré jù dé orí èyí tí ó pọ̀ jù, a lè gbé ìka òsì lé èyí tí ó kéré jù, kí a gbé ìka ọ̀tún lé èyí tí ó pọ̀ jù. Bí àpapọ̀ méjèèjì bá ju ₦5,000 lọ, ìka ọ̀tún ni a ó sún wá sẹ́yìn. Bí kò bá tó o, ìka òsì ni a ó sún síwájú. Kí ìka méjèèjì tó pàdé, a kò ní sún wọn ju ìgbà 100,000 lọ, títò ọjà náà fúnra rẹ̀ kò sì gbà ju ìgbésẹ̀ bíi mílíọ̀nù méjì lọ. Ohun tí ìbá gba àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá ti parí kí ojú tó ṣẹ́. Irú ọgbọ́n báyìí ni wọ́n ń pè ní algorithm, òun gan-an sì ni ìdíje náà ń dán wò, kì í ṣe bí ọwọ́ ṣe yá tó lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ìdí nìyí tí olùdíje tí ó ti gbó nínú iṣẹ́ fi máa ń wo ìsàlẹ̀ ìbéèrè kí ó tó ka ìtàn tí ó wà lókè rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ bí nọ́ńbà ṣe lè pọ̀ tó sí, iye yẹn sì ń sọ irú ọ̀nà tí ó lè yọrí. Bí ohun tí a fẹ́ yàn nínú rẹ̀ kò bá ju 20 lọ, a lè dán gbogbo àkójọ tí ó ṣeé ṣe wò, nítorí pé díẹ̀ ni ó fi ju mílíọ̀nù kan lọ. Bí ó bá tó 2,000, a ṣì lè fi ìkọ̀ọ̀kan wé ìyókù. Bí ó bá ti di 100,000, ọ̀nà bíi ti ìka méjì yẹn ni kí a máa wá. Ìsàlẹ̀ yìí kan náà ni ó ń kìlọ̀ nípa ọ̀fìn kan tí ó ti gbé ọ̀pọ̀ mì: nínú èdè kọ̀ǹpútà bíi C++ àti Java, àpótí tí a sábà fi ń tọ́jú nọ́ńbà kò lè gba ohun tí ó ju 2,147,483,647 lọ. Ẹni tí ó bá ro nọ́ńbà 100,000 pọ̀, tí ìkọ̀ọ̀kan lè tó bílíọ̀nù kan, tí kò sì lo àpótí tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò rí nọ́ńbà rádaràda kan gbà, adájọ́ yóò sì dá kóòdù rẹ̀ padà láìsọ ìdí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí wọ́n ṣe ń to àwọn ikọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran ti máa ń sọ pé wọ́n ṣe màgòmágó. Iye ìbéèrè tí ikọ̀ yanjú ni a kọ́kọ́ wò. Bí ikọ̀ méjì bá yanjú iye kan náà, àkókò ni yóò yà wọ́n: èyí tí àpapọ̀ tirẹ̀ bá kéré ni yóò wà níwájú. Fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan tí a gbà wọlé, a ó kọ iye ìṣẹ́jú tí ó ti kọjá láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje, a ó sì fi ìtanràn ìṣẹ́jú 20 kún un fún kóòdù kọ̀ọ̀kan tí a ti dá padà lórí ìbéèrè náà kí wọ́n tó gbà á. Ká ní ikọ̀ kan yanjú ìbéèrè mẹ́ta ní ìṣẹ́jú 20, 70 àti 150, tí wọ́n sì dá ti ìkẹta padà lẹ́ẹ̀kan: àpapọ̀ tiwọn jẹ́ 260. Ikọ̀ mìíràn yanjú mẹ́ta ní ìṣẹ́jú 35, 80 àti 120 láìsí àṣìṣe kankan: tiwọn jẹ́ 235. Àwọn tí bàlúùnù tiwọn kọ́kọ́ gòkè ni ó wà lẹ́yìn. Kò sí màgòmágó kankan níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ìdíje ni a ti ń ka ìṣẹ́jú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe láti ìgbà tí ikọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìbéèrè náà. Èyí ń ṣe ohun tí ojú kì í tètè rí. Bí ikọ̀ kan bá ní ìbéèrè mẹ́ta tí wọn yóò gba ìṣẹ́jú 10, 30 àti 60 láti ṣe, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó rọrùn, wọn yóò parí wọn ní ìṣẹ́jú 10, 40 àti 100, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 150. Bí wọ́n bá fi èyí tí ó le ṣíwájú, ìṣẹ́jú 60, 90 àti 100 ni, àpapọ̀ rẹ̀ sì di 250. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe, ìgbà kan náà ni wọ́n parí rẹ̀, àmọ́ ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti bọ́ sọnù nítorí pé wọ́n fẹ́ fi akọni hàn. Ní ìdà kejì, ìbéèrè tí ikọ̀ kò rí yanjú títí ìdíje fi parí kò ní ìtanràn kankan, bí wọ́n tilẹ̀ dá kóòdù rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

A wá padà sórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kan. Ènìyàn mẹ́ta ní wákàtí márùn-ún jẹ́ wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìrònú, ṣùgbọ́n wákàtí márùn-ún péré ni ti kíbọ́ọ̀dù. Bí ikọ̀ bá fẹ́ yanjú ìbéèrè mẹ́wàá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ó kan ìkọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, kíkọ àti àtúnṣe pa pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo nínú agboolé ńlá: ẹni tí ó dé ìdí ẹ̀rọ kí ó tó máa wá garawa rẹ̀ kiri ti dá gbogbo ilé dúró. Olùdíje tí ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí ó sì ń ronú ohun tí ó kàn láti kọ ń fi omi ṣòfò. Orí bébà ni ó yẹ kí ó ti ronú, kí ó ti kọ gbogbo ohun tí ó díjú níbẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì ti bá ẹnì kan nínú ikọ̀ sọ ọ́ ní gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Àlàyé ìṣẹ́jú méjì yẹn ti gba ọ̀pọ̀ ikọ̀ lọ́wọ́ ìtanràn 20, nítorí pé àṣìṣe inú èrò máa ń hàn sí ẹni tí ń gbọ́ ju ẹni tí ń sọ ọ́ lọ.

Ohun tí ó ṣòro jù láti kọ́ ọmọ ni kí ó dìde. Bí adájọ́ bá dá kóòdù padà, ọkàn ẹni tí ó kọ ọ́ a máa fà sí i pé kí ó dúró síbẹ̀, kí ó máa yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún títí yóò fi bọ́ sí i. Mo ti rí ikọ̀ tí ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀, tí àwọn méjì yòókù sì ní ìbéèrè kan kan tí wọ́n ti yanjú tán lórí bébà, tí ojú ń ti wọ́n láti ní kí ó dìde. Ọ̀nà tí ó tọ́ ni kí ó tẹ kóòdù náà jáde sórí bébà, nítorí pé ìdíje máa ń pèsè ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ó gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún ẹni tí ó kàn, kí ó sì lọ fi bírò wá àṣìṣe rẹ̀ níbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò rí àṣìṣe náà. Èrò tèmi ni pé kí ikọ̀ ti fẹnu kò ṣáájú ọjọ́ ìdíje pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹnikẹ́ni ní lórí kóòdù tí a dá padà, kí òfin yẹn má sì yọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ jù sílẹ̀.

Látàrí èyí, kíkó ọmọ mẹ́ta tí ó gbóná jù ní ẹ̀ka náà jọ kò fi dandan jẹ́ ikọ̀ tí ó gbóná jù. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fẹ́ràn irú ìbéèrè kan náà, wọn yóò máa du kíbọ́ọ̀dù lórí rẹ̀, ìbéèrè nípa ìlà àti igun yóò sì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kà á. Ó dára kí ẹnì kan jẹ́ ẹni tí ìṣirò rọ̀ lọ́rùn, kí ẹnì kan yára kọ kóòdù tí kò ní àṣìṣe, kí ẹnì kan sì jẹ́ ẹni tí ń ka ìbéèrè dáadáa, tí kì í fo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ẹni ìkẹta yìí ni àwọn ènìyàn kì í kà sí, bẹ́ẹ̀ sì ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ìbéèrè, ọ̀rọ̀ kékeré kan tí a ṣì kà sì lè jẹ ogójì ìṣẹ́jú. Ikọ̀ Yunifásítì ITMO ti St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé lẹ́ẹ̀meje, yanjú gbogbo ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Marrakesh ní ọdún 2015. Gennady Korotkevich, tí ọ̀pọ̀ kà sí olùdíje tí ó mọ iṣẹ́ náà jù lọ láyé, wà nínú wọn. Síbẹ̀, ẹnì kan kò lè fi ọwọ́ méjì kọ kóòdù mẹ́tàlá kí ó sì tún ronú wọn tán ní wákàtí márùn-ún bí kò bá sí àwọn tí ń gbé èyí tí ó ti jinná wá sídìí kíbọ́ọ̀dù.

Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì nínú gbọ̀ngàn, kò sì sí fóònù. Kò sí ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tí ènìyàn lè bi léèrè ọ̀rọ̀, ìyẹn sì ń fa àríyànjiyàn ní báyìí, nítorí pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, nígbà tí wọ́n ṣe àṣekágbá ní ìlú Baku ní Azerbaijan, ilé-iṣẹ́ OpenAI, tí ó ṣe ChatGPT, kéde pé ẹ̀rọ àwọn yanjú ìbéèrè méjèèjìlá, nígbà tí ikọ̀ Yunifásítì Ìjọba ti St. Petersburg tí ó gba ife yanjú mọ́kànlá. Ojú tí mo fi wo ọ̀rọ̀ náà ni pé mọ́tò ti ń sáré ju ènìyàn lọ láti ọjọ́ pípẹ́, a kò sì tìtorí rẹ̀ ti pápá ìsáré pa. Ohun tí wọ́n fàyè gba ikọ̀ láti mú wọlé ní àṣekágbá àgbáyé ni ìwé kan tí kò gbọ́dọ̀ ju ojú-ìwé 25 lọ, tí a ti tẹ kóòdù àwọn ọ̀nà ìṣirò tí ó gùn sí: bí àpẹẹrẹ, bí a ṣe ń wá ọ̀nà tí ó kúrú jù láàárín ìlú méjì, èyí tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà Edsger Dijkstra tẹ̀ jáde ní ọdún 1959, tàbí bí a ṣe ń wá iye omi tí ó pọ̀ jù tí àwọn páìpù kan lè gbé kọjá. Àṣìṣe tí àwọn ikọ̀ tuntun máa ń ṣe ni pé wọ́n a lọ da ìwé ẹlòmíràn kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn kò ní lò ó rí, ọjọ́ ìdíje ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ohun tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ dúró fún. Kóòdù tí ẹ kò bá tíì fúnra yín tẹ̀ kí ẹ sì fi yanjú ìbéèrè gidi kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba àyè nínú ojú-ìwé 25 yẹn.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Codeforces, tí Mike Mirzayanov dá sílẹ̀ ní ìlú Saratov ní Rọ́ṣíà, ni ó gbajúmọ̀ jù. AtCoder ti Japan náà wà, Kattis tí ó ti Sweden wá sì kún fún ìbéèrè àwọn ìdíje ICPC àtẹ̀yìnwá. Ọ̀pọ̀ ìdíje Codeforces máa ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì ọ̀sán ní àkókò Nàìjíríà, èyí tí ó bọ́ sí àsìkò ẹ̀kọ́ fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Àmọ́ kò sí ohun tí ó ní kí ènìyàn má padà ṣe é ní alẹ́, kí ó gbé aago kalẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ìdánrawò ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ́ni ní ọgbọ́n ìṣirò. Ti ikọ̀ ń kọ́ni ní ohun mìíràn, a kò sì lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan fún wákàtí márùn-ún pẹ̀lú ìbéèrè ìdíje àtijọ́, kí wọ́n pa fóònù, kí wọ́n sì jẹ oúnjẹ tí wọn yóò jẹ lọ́jọ́ ìdíje gan-an. Mẹ́ta tí olúkúlùkù gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tirẹ̀ wá kì í ṣe ìdánrawò ikọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ wà nínú yàrá kan náà.

Iṣẹ́ tí ó lérè jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí ọ̀pọ̀ ń sá fún, ìyẹn ni pípadà sórí ìbéèrè tí a kò rí yanjú lẹ́yìn tí ìdíje ti parí. Kí ènìyàn tún fi wákàtí kan jà á, bí kò bá rí i, kí ó ka àlàyé rẹ̀, kí ó pa àlàyé náà dé, kí ó wá kọ kóòdù rẹ̀ láti inú orí ara rẹ̀ títí adájọ́ yóò fi gbà á. Ẹni tí ó ka àlàyé tí ó sì mi orí pé ó ti yé òun kò tíì mọ nǹkan kan nípa ìbéèrè náà. Ní ti yíyan ìbéèrè, kí ènìyàn wá èyí tí ó lè yanjú nǹkan bí ìdajì nínú wọn: bí ó bá ń yanjú gbogbo rẹ̀, eré ni ó ń ṣe, bí kò bá yanjú ìkankan, yóò sú u láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ iná àti dátà tí ń yọ àwa lẹ́nu ní ilé kò tó ìdíwọ́ níbí. Ènìyàn lè wa ìbéèrè mẹ́wàá sórí fóònù nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì wà, kí ó fi bírò yanjú wọn nígbà tí iná bá lọ, nítorí pé kíkọ sórí bébà ni ìdíje náà yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọjọ́ ìdíje wá pé. Wọn kì í to ìbéèrè bí ó ṣe le sí, nítorí náà A lè jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní yanjú, kí K sì jẹ́ èyí tí ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó fún. Ohun tí ó tọ́ ni kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ kíkà láti iwájú, èkejì láti ẹ̀yìn, kí ẹ̀kẹta gbé àárín, kí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rí ohun tí ó rọrùn sì gba kíbọ́ọ̀dù. Pátákó èsì tí gbogbo ènìyàn ń rí ni olùrànlọ́wọ́ kejì. Bí ikọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ti yanjú F tí ikọ̀ yín kò sì tíì kà á, ẹ dá ohun tí ẹ ń ṣe dúró kí ẹ lọ kà á. Bàlúùnù náà ń sọ̀rọ̀: ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀, bí àwọ̀ búlúù bá sì kún gbogbo yàrá, ìbéèrè tí ó ni àwọ̀ búlúù kò lè le tó bí ẹ ṣe rò. Lórí bébà kan ní àárín tábìlì, kí wọ́n máa kọ ibi tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan dé: ta ni ó kà á, ta ni ó ní èrò lórí rẹ̀, èwo ni ó ń dúró de kọ̀ǹpútà.

Nígbà tí ó bá ku wákàtí kan, wọn a dì pátákó èsì náà pa. Láti ìgbà yẹn, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì ń rí èsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ti ẹlòmíràn mọ́, ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń wò ó láti ilé fi máa ń rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Àsìkò yìí ni ọ̀pọ̀ ikọ̀ ti máa ń ṣubú. Olúkúlùkù a di ìbéèrè tirẹ̀ mú, mẹ́ta yóò kù díẹ̀, kò sì ní sí èyí tí yóò jinná. Bí ó bá ti ku ogójì ìṣẹ́jú, kí wọ́n yan èyí tí ó súnmọ́ ìparí jù, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dojú kọ ọ́, kí ẹnì kan máa kọ, kí èkejì máa wo ojú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ̀kẹta máa fi ọwọ́ ṣe àwọn àpẹẹrẹ kéékèèké tí wọn yóò fi dán an wò. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn, kò sí ìdí kankan láti máa ṣọ́ra fún ìtanràn lórí ìbéèrè tí wọn kò tíì rí yanjú. Kí wọ́n máa fi ránṣẹ́.

Lẹ́yìn tí aago bá ti dún, wọn a ṣí pátákó náà díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè níwájú gbogbo ènìyàn, ikọ̀ tí ó wà ní ipò kejìlá a sì rí i tí òun fo lọ sí ìkarùn-ún nítorí kóòdù kan tí òun fi ránṣẹ́ nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Yálà wọ́n gòkè tàbí wọ́n já wálẹ̀, ìbéèrè tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà wọn nígbà tí aago dún ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní alẹ́ ọjọ́ náà, kí gbogbo ohun tí wọ́n ti rò nípa rẹ̀ tó kúrò lọ́kàn wọn.